Àlàájà Tí Kò Dé Mẹ́kà

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí kò rán mi pé kí n bá òun tọrọ àánú. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má daṣọ bò ó. Afeezat ni kí ẹ máa pè é. Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń gbé, ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì rẹ̀ sì wà létí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í pẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ ọ́ fún mi, kò sunkún. Èmi ni mo ń nu ojú.

Àárọ̀ Sátidé kan ní ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àsàlátù kún iwájú ilé rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n wá ṣe àdúà fún un kó tó gbéra lọ Ùmúrà. Mo mọ̀ pé Ùmúrà kì í ṣe Hájì, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ẹni tó bá ti fojú kan Káábà ti di Àlàájà nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì ti ń dùn mọ́ ọn lára.

Inú balùwẹ̀ ló wà nígbà tí fóònù dún. Ejẹ́ńtì tó ń bá a ṣe ìwé ìrìnnà ló pè.

“Mọ́mì, ẹ máà bínú,” ni ejẹ́ńtì wí. “Físà yín kò tíì jáde. Àwọn tó kù ń lọ lónìí, ṣùgbọ́n tiyín á tó oṣù kan sí méjì sí i.”

“Lónìí tí mo ti di ẹrù?”

“Ẹ ṣe sùúrù. Á jáde.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn korò létí rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ náà ni físà ṣe kọ̀ tí kò jáde, lẹ́yìn tó ti ṣe sàráà fún gbogbo àdúgbò. Aqeelah, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Àsàlátù, ló sọ ọ́ ní Àlàájà Ẹ̀yìnkùlé. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Àlàájà Ẹ̀yìnkùlé, ìgbà wo lẹ dé?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá délé, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ó ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀, ó bá Zulaikha níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Zulaikha ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe ní Òkè-Ṣọ́pẹ́n. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó ti kó lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá wò ó. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì ni dókítà yẹ kókó kan wò ní ọmú òsì rẹ̀, ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ní kí wọ́n tètè gé ọmú náà nígbà tí kókó ọ̀hún ṣì kéré, pé bí wọ́n bá tètè ṣe é, yóò yè é. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ náà.

Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

“Mo ti ní kí dókítà sún un síwájú,” ni Zulaikha wí. “Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé mi láì jẹ́ pé ẹ ti dé. Ẹ bá mi dárúkọ mi níwájú Káábà. Ẹ bá mi bu omi sámúsámù wá, kí n mu ún, kí n fi ra ibẹ̀. Ọlọ́run lè jẹ́ kó rọ̀.”

“Zulaikha, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí n tó dé o.”

“Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe nǹkan.”

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí Afeezat sọ níbẹ̀: físà mi kò jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè rẹ̀. Ní ìta, Aqeelah ń pariwo pé, “Àlàájà, ẹ jáde kí a rí yín o.” Ohùn Aqeelah ló gbọ́, ló bá gbé ti Zulaikha tì.

“Màá dárúkọ rẹ,” ni Afeezat wí.

Jubril ọkọ rẹ̀ ti gbé pákó lọ sí Kánò pẹ̀lú tírélà rẹ̀, kò sí nílé. Ètò tí wọ́n ti ṣe ni pé kí Afeezat fúnra rẹ̀ wa mọ́tò dé Èkó, kó gbé e sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, kó wá lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó sídìí mọ́tò, àwọn obìnrin ń ju ọwọ́ sí i. Òun nìkan ló wà nínú mọ́tò yẹn, kò sì mọ ibi tó ń lọ.

Ó dé Òrù, ó ní tóun bá kọjá ibẹ̀, òun á dúró, òun á pe Zulaikha. Ó kọjá, kò dúró. Ó ní Awa ni òun á ti dúró. Awa náà kọjá. Ó dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà Èkó wà lápá kan, ọ̀nà Bìní wà lápá kejì. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì wá sí ọkàn rẹ̀ láti padà sílé, kí n má purọ́ fún yín. Ohun tó ń wá ni ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ló ti rántí Rachel.

Rachel àti Ọlátúbọ̀sún ọkọ rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà kan, ṣọ́ọ̀bù Afeezat ni wọ́n ti pàdé ara wọn níbi tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Wọ́n ti di olùkọ́ báyìí ní Abigi, lọ́hùn-ún ní Ogun Waterside, Kìrìsìtẹ́nì sì ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń pè é pé kó wá kí àwọn. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa Ùmúrà. Ó kọrí mọ́tò sí ọ̀nà Bìní.

Obìnrin yìí kò wa mọ́tò kọjá Ìjẹ̀bú-Òde lóun nìkan rí láyé rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ìlú tí wọ́n ń pè ní J4. Bó ṣe yà kúrò lójú títì ńlá, tó wọ inú igbó, ọ̀nà di ẹrẹ̀, kòtò kún fún omi débi pé kò mọ èyí tó jìn. Mọ́tò ń yọ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yọ̀ sósì. Níbì kan, tírélà tó kó gẹdú rì, ó dínà pa. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà á níbẹ̀ kì í ṣe ti igbó. Àwọn oní-tírélà ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ Jubril, wọ́n sì ti jẹun nílé rẹ̀. Ó fa ìbòrí funfun rẹ̀ bo imú. Ọ̀kan nínú wọn wá kan gíláàsì mọ́tò rẹ̀.

“Àlàájà, ẹ fara balẹ̀, a máa tó yọ ọ́,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ bá wa ṣe àdúà kan.”

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà fún wọn. Ó ní àmín tí wọ́n ṣe yẹn wọ òun lára, ìtìjú sì mú òun lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, ó tẹ̀ síwájú.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ tán kó tó dé Abigi. Rachel rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ó fò mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n Afeezat, ẹ̀yin nìkan lẹ wa mọ́tò débí? Ẹ ò tiẹ̀ pe wá.”

“Ó rẹ̀ mí, Rachel. Mo fẹ́ sinmi díẹ̀.”

“Ilé yín nìyí. Ẹ sinmi títí yóò fi sú yín.”

Wọn ò bi í léèrè mọ́. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ nìyí, torí òun fúnra rẹ̀ ní kí n má fò ó: ó gbádùn ara rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹja tútù ní àárọ̀, ẹja tútù ní ìrọ̀lẹ́, Ọlátúbọ̀sún á máa pa á lẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ wọn á sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀tóbà, ó bá wọn lọ wo àwọn ọmọ ilé-ìwé níbi tí wọ́n ti ń yan fún ọdún òmìnira. Ó pàtẹ́wọ́ fún wọn bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé nínú ilé. Etí omi, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ló ti ń dé dáadáa. Ọjọ́ kẹfà, ó lọ síbẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí Wátsáàpù, ó fi ránṣẹ́ sí Zulaikha.

“Zulaikha, mo ti dé iwájú Káábà. Mo ti dárúkọ rẹ, mo dárúkọ ìyá wa mọ́ ọn. Fọkàn balẹ̀.”

Ohùn Zulaikha padà wọlé kíá, omijé wà nínú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ọlọ́run á gbà á. Ariwo kí ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn yín yẹn?”

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n ń tan.

“Ọkọ̀ ni,” ni Afeezat dá a lóhùn. Nínú gbogbo ohun tó sọ fún àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ padà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan tó mọ́ tónítóní sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé Rachel, ó pọn ọ́n kún. Rachel dúró tì í, ó ń wò ó.

“Ṣé omi Abigi lẹ fẹ́ gbé dé Ìjẹ̀bú-Igbó ni?”

“Ó dùn lẹ́nu mi,” ni Afeezat wí.

Ó ra dàbínù àti tẹ̀súbáà lọ́wọ́ àwọn Haúsá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó tún ìbòrí wé, ó sì wọ ìlú. Ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe yọ̀ mọ́ ọn. Aqeelah tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún tó kọjá wá kúnlẹ̀ kí i. Jubril ti dé láti Kánò, ó ti kùn iwájú ilé lọ́dà tuntun. Zulaikha kò dúró kí wọ́n fún òun ní kọ́ọ̀pù tó dára. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba omi, ó mu ún pẹ̀lú ojú dídì, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ṣe àdúà.

Afeezat wò ó títí ó fi mu ún tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní, “Zulaikha, o ti mu omi. Ó yá, jẹ́ ká lọ bá dókítà.”

“Kókó náà ti ń rọ̀,” ni Zulaikha dáhùn. “Mo ń fi ọwọ́ kàn án.”

“Omi lọ́tọ̀, ọsibítù lọ́tọ̀. A lè ṣe méjèèjì.”

“Ẹ̀yin tí ẹ dúró níwájú ilé Ọlọ́run ni ẹ ń sọ báyìí? Bí àwọn tí kò débẹ̀ bá ń ṣiyèméjì, mi ò ní wí nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ dárúkọ mi.”

Kí ni kó wí? Tó bá ní omi lásán ni, gbogbo rẹ̀ tú nìyẹn. Tó bá dákẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ń lọ. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé ọ̀la ni òun á sọ ọ́, bí ọ̀la bá sì dé, ẹnìkan á pè é ní Àlàájà, á tún di ọ̀la mìíràn. Nígbà tí omi kẹ́ẹ̀gì fẹ́ tán, Zulaikha bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bí òun ṣe máa rí òmíràn. Afeezat kún un láti inú ẹ̀rọ omi ilé ara rẹ̀. Mo ní, ṣé lóòótọ́ lo ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà, ejẹ́ńtì pè.

“Mọ́mì, ẹ kú oríire. Físà ti jáde. Ọjọ́ kejìlá lẹ ń lọ.”

Mẹ́kà ṣí sílẹ̀ gedegbe fún un, kò sì lè lọ, torí pé ó ti lọ. Irọ́ wo ni yóò tún pa fún Jubril àti fún àwọn Àsàlátù pé òun tún ń lọ síbi tóun ti ń bọ̀ lánàá? Ó sọ fún ejẹ́ńtì pé ara òun kò yá. Físà náà ṣòfò dànù.

Nígbà tó fi máa di oṣù Disẹ́ńbà, kókó náà ti le gbandi, ó ti fẹ́ lu awọ. Zulaikha kò lè gbé apá sókè dáadáa mọ́, ó sì pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ó kó wá sọ́dọ̀ Afeezat. Ó ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé àdúà ẹ̀gbọ́n òun ti gbà, àmì pé àìsàn fẹ́ jáde lára ni ìwúkọ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Jánúárì ni àṣírí tú. Àwọn obìnrin Àsàlátù wà ní pálọ̀ Afeezat, wọ́n wá ṣe àdúà fún Zulaikha tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Rachel kan ilẹ̀kùn. Ó wá gba sátífíkéètì rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ní òun ò lè débẹ̀ kóun má yà kí ẹ̀gbọ́n òun. Ó gbé ẹja gbígbẹ dání.

“Ọlátúbọ̀sún ní kí n kí yín,” ni Rachel wí bó ṣe ń kúnlẹ̀. “Láti ìgbà tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ wa ni àwọn ọmọ ti ń béèrè yín.”

Aqeelah gbé ojú sókè. “Ìgbà wo ni Àlàájà wá sọ́dọ̀ yín?”

“Ìparí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà wọ Ọ̀tóbà, mà. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.”

“Rachel, wá bá mi nínú yàrá,” ni Afeezat wí.

Ṣùgbọ́n Rachel ti mú fóònù jáde. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. “Ẹ wò wọ́n, mà, ọjọ́ òmìnira nìyí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń yan.”

Fóònù kúrò lọ́wọ́ Aqeelah, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkẹta. Afeezat ló wà nínú fọ́tò, nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sìn ín lọ Mẹ́kà, ìpékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ wà lókè fọ́tò náà.

Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ Zulaikha, ó wò ó pẹ́.

“Omi yẹn ńkọ́?” ni Zulaikha béèrè. Ojú Afeezat ló ń wò.

Rachel ló dáhùn, torí ó rò pé òun ni wọ́n ń bi. “Omi wo? Ṣé èyí tí wọ́n pọn nídìí ẹ̀rọ wa?”

Afeezat kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ síwájú àbúrò rẹ̀, tí òun fi ọdún mẹ́jọ jù lọ.

“Ẹ ò dárúkọ mi níbì kankan,” ni Zulaikha wí.

“Zulaikha, ojú ló tì mí. Físà ni kò jáde, ojú ló tì mí.”

“Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbé mi lọ ọsibítù.”

Wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ó ti wọ egungun ẹ̀yìn, kò sí ohun tí ọ̀bẹ fẹ́ ṣe sí i mọ́, oògùn ìrora nìkan ló kù. Ó bi Zulaikha pé kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

“Mò ń dúró de ẹnìkan tó rìnrìn àjò ni,” ni Zulaikha fèsì.

Láti ọsibítù, kò padà sọ́dọ̀ Afeezat mọ́. Ìbíkẹ́, àbúrò ìyá wọn, ló gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Awa. Bí Afeezat bá gbé ọbẹ̀ lọ, wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní Zulaikha ń sùn. Jubril kò lù ú, kò lé e. Ó kàn ń wọlé, ó ń jáde, kì í sì í bá a sọ ju “mo ti dé” lọ. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ nǹkan kan ṣì ń pè é ní Àlàájà.

Ó ní kí n sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín tí aláìsàn bá sọ fún pé “màá dúró dè ọ́ kí n tó lọ ọsibítù”: ẹ má jẹ́ kó dúró de yín. Bó bá jẹ́ òótọ́ lẹ ń lọ, ẹ má jẹ́ kó dúró. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ìlú fi yín ṣe ẹ̀sín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Zulaikha kú ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Ààwẹ̀, láàárọ̀, kété lẹ́yìn sààrì. Afeezat wa mọ́tò dé Awa, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ti ká apá aṣọ sókè. Ẹ mọ̀ pé àwọn obìnrin tó sún mọ́ olóògbé jù ló máa ń wẹ̀ ẹ́, ta ló sì tún kù fún Zulaikha? Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo ni. Àwọn obìnrin ti wọlé, wọ́n ti gbé omi kaná. Ìbíkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi apá dínà.

“Afeezat, dúró. Wéè ní wọlé.”

“Ẹ̀yin Àǹtí, èmi ni mo máa wẹ̀ ẹ́.”

“Zulaikha lí ó wí i. Ọjọ́ Àlàmísì ló pè mí. Ó ní kí dede ẹni tó bá fẹ́ wẹ òun wọlé, kí ọwọ́ tìẹ nìkan má kan òun.”

Afeezat bi í pé, “Ṣé kò dárí jì mí ni?”

“Ó dárí jì ẹ́,” ni Ìbíkẹ́ wí. “Ó ní kí n sọ ìyẹn fún ẹ kọ́kọ́. Ọwọ́ ẹ ni kò fẹ́.”

Ìbíkẹ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Afeezat fara ti ògiri níta, pẹ̀lú apá aṣọ kíká sókè, títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán.